Káàdì tí mo rà fún ọkọ mi

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ọkọ mi rán mi lọ sí Alákijà láti ra sáùndì káàdì tí kọ̀ǹpútà géèmù ẹ̀ á máa fi dún.

Bọ̀dá tó ń tà á ní, "Ìyàwó wa, tí ọkọ ẹ bá ń lo hẹ́dífóònù, èyí ni kó o mú. Tọ̀hún á máa dún létí bí ẹni ń ha ìkòkò."

Tọ̀hún ni mo mú. Tó bá ti gbé hẹ́dífóònù yẹn sétí, mi ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ mọ́.

Lálẹ́ yìí, kò pẹ́ tó fi bọ́ ọ. A jọ jókòó, a sọ̀rọ̀, inú mi dùn…

Àfi bó ṣe ní, "Má bínú, ìyàwó mi. Kò yẹ kí n rán ẹ níṣẹ́ tí ò yé ẹ."

Olúwa, ó yé mi.