Igun Tó Ń Kéré Sí I Lókè Orí Ìyá Àgbà

                                        Ilé C, Yàrá Kejì,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà Ngọc Lâm,
                                        Hà Nội.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2019.

Thục, ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo fi ọdún kan gbáko jù ọ́ lọ ni mo ń pè ọ́ ní ẹ̀gbọ́n, torí pé bàbá rẹ ló ṣíwájú bàbá mi wáyé. Mo gbà. Àmọ́ "ẹ" tí wọ́n fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀, o ò ní rí i gbà lọ́wọ́ mi láéláé. Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá ńkọ́, ṣé iná irin tí wọ́n ń jó ò ta wọ́n lójú mọ́? Ìyá ńkọ́? Ajá yín olójú kan ńkọ́, ṣé ó ṣì ń gbó òjìji ara rẹ̀? Òtútù Hải Phòng ńkọ́? Tiwa níbí, béèyàn bá tutọ́, yìnyín ni yóò bọ́ sílẹ̀. Ara gbogbo wa le. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Olùkọ́ ìṣirò wa, Olùkọ́ Diệp, ló dá a sílẹ̀. Ó ní ká fi fóònù ya àwòrán igun níbi gbogbo tójú wa bá dé, ká tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ká wá fi ike olóṣùpá àbọ̀ wọn bí igun náà ṣe fẹ̀ tó. Thục, mo ya igun títí ojú mi fi di onígun mẹ́ta. Mo ya alùpùpù tó fara ti irin ìdúró rẹ̀. Mo ya abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ṣí dé ìdajì. Mo gún igi ìjẹun ṣánṣán sínú ìrẹsì kí igun rẹ̀ lè gún dáadáa, ni ìyá àgbà bá fọ́ mi létí, wọ́n ní ta ló kú tí mò ń gbé oúnjẹ fún.

Èyí tó dára jù nínú wọn wà lábẹ́ àgò ẹkùn Ọ̀gbẹ́ni Lẫm, aládùúgbò wa tó ń gbé lókè. O rántí àgò irin tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láìní ẹkùn nínú, èyí tó so mọ́ ara ògiri níta kí yàrá rẹ̀ lè fẹ̀ sí i, bí gbogbo ará ilé wa ti ṣe. Abẹ́ rẹ̀ gan-an ni ìyá àgbà ń ta tíì. Ibi tí ìsàlẹ̀ àgò ti pàdé ògiri gún bí etí ìwé: dígírì àádọ́rùn-ún, kò lé, kò dín. Àmọ́ orí oníbàárà kan tó pá ti wọ inú àwòrán náà, ó ń dán bí òṣùpá, ni mo bá ní màá tún un yà.

Kí n tó padà débẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Lẫm ti ra igi ọsàn wẹ́wẹ́ tó fẹ́ fi ṣe Tết, ọdún tuntun wa. Ìkòkò rẹ̀ tóbi tó ilé ìwẹ̀! Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e gòkè, inú àgò náà ni wọ́n sì gbé e kalẹ̀ sí. Mo ya àwòrán, mo wọ̀n ọ́n: mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún. Mo ní bóyá ọwọ́ mi ló gbọ̀n. Lọ́jọ́ kejì, mo dúró síbi tí mo dúró sí tẹ́lẹ̀: mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Bóòtù kan tó de àgò mọ́ ògiri sì ti yọ orí síta, ìka mi á wọ àlàfo rẹ̀.

Mo sáré bá ìyá àgbà. "Ìyá àgbà, ẹ jẹ́ ká kó tíì yìí lọ sí òdìkejì títì. Àgò yẹn fẹ́ wó."

Wọn ò tilẹ̀ wòkè. "Ṣé eku tó wọ bàtà tó o rí lóṣù tó kọjá ló sọ fún ẹ?"

"Rárá o," ni olórí pípá dáhùn, "ejò tó ń gun alùpùpù ni!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ó bá tèmi lóòótọ́, àmọ́ òtítọ́ ọ̀hún ò rí ẹni gbà á gbọ́.

Mo gòkè lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Lẫm. "Ìwọ ọmọ yìí, ike ọmọléèwé lo fi ń wọn irin mi? Kí wọ́n tó bí ìyá ẹ ni àgò yìí ti wà níbẹ̀!" Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kàn gbé igi ọsàn yẹn wọlé. Ojú rẹ̀ yí padà. "Kí n gbé oríire mi kúrò níta nígbà tí Tết ti wọlé dé? Ṣé o fẹ́ kí ọdún tuntun bá mi lófo ni?"

Nígbà tí ìyá àgbà gbọ́, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ la ẹnu mọ́. Ẹni tó bá bá aládùúgbò jà wọ Tết, ọdún yípo ni yóò fi jà. Bàbá mi wòkè lẹ́ẹ̀kan, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ó di lẹ́yìn ọdún. Lẹ́yìn ọdún! Ṣé irin mọ ọjọ́ ọdún ni?

Láti ìgbà náà, bí ọkọ̀ akẹ́rù bá kọjá báyìí, ọkàn mi á fò sókè, á gbàgbé láti bọ́ sílẹ̀. Lánàá, èépá irin tó ti dógùn-ún já bọ́ sínú ife ìyá àgbà. Wọ́n fi ìka yọ ọ́, wọ́n sì mu tíì wọn lọ.

Thục, bàbá rẹ ni àkọ́bí, ọ̀rọ̀ tiwọn nìkan ni ìyá àgbà kì í dá padà. Mo pè wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́, wọ́n pa fóònù. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì wọn ò lè gba àwòrán, ìwọ náà sì ti ju tìrẹ sódò. Ìdí nìyí tí mo fi kó àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àpò ìwé yìí. Má sọ pé èmi ni mo ní kí o mú un wá. Tẹ́ ẹ síwájú wọn, kí wọ́n fi ojú ajórin wọn wò ó. N ò fi iyọ̀ kankan sí ọ̀rọ̀ yìí, mo fi orí mi búra.

Bá mi kí ìyá, bá mi kí ajá. Ọ̀gbẹ́ni Toàn tó ń wa bọ́ọ̀sì wá sí Hải Phòng yín ló ń dúró de lẹ́tà yìí; mo ní kó dúró sáàárín títì kó má bàa wà lábẹ́ àgò, ó ní mo ti ya wèrè.

Orí àpótí ìjókòó ìyá àgbà ni mo wà tí mò ń kọ̀wé yìí, lábẹ́ àgò náà. Mo ní kí wọ́n lọ yáná nídìí ìkòkò ọbẹ̀ aládùúgbò ní òdìkejì. Wọ́n ti ń pariwo pé kí n dìde fáwọn. Mo ṣe bí adití. Bí mo bá ṣì jókòó síbí, ìyá àgbà ò ní ríbi jókòó sí lábẹ́ rẹ̀. Sọ fún bàbá rẹ kí wọ́n yára.

Èmi ni tìrẹ, tí ara ń gbọ̀n,
Quyên.