Aago Mẹ́ta Kọjá Ìṣẹ́jú Méje

Ọjọ́bọ̀, 30 Oṣù Kẹwàá 2025
Mo ka ìwé Agatha tán lónìí – àbí kí n sọ pé n kò kà á tán. Ẹnìkan ti ya ojú ewé mọ́kànlá tó gbẹ̀yìn lọ. Agatha, tó ń yá wa ní ìwé ìtàn ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Aládé, ní òun kò mọ ẹni tó ṣe é. Mo sọ onítọ̀hún ní Afàwéya. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kó mọ ìparí ohunkóhun láyé.

Ìtàn náà gbóná. Ìlú kan wà lábẹ́ òkè. Ẹni tó bá sùn ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méje ọ̀sán, àná ló máa jí sí. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tó wọ bàtà ẹsẹ̀ kan ń sáré kiri láti tún aago ìlú ṣe kí òkè tó jí. Orí kan kò ju ojú ewé mẹ́ta lọ, kò sí àyè láti mí. Ọbẹ̀ mi jóná lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ ọ́ ní ṣókí sínú ìwé tí mo fi ń kọ ohun tí mo bá kà, kí n má baà gbàgbé.

Ọjọ́ Ìsinmi, 2 Oṣù Kọkànlá
Mo gbé.

Èmi ni akọ̀wé ìran ní ìjọ wa ní Odòde, bí bàbá mi ti jẹ́ kó tó kú. Bí aríran bá ń sọ̀rọ̀, èmi ni mo ń kọ ọ́. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, Wòlíì á kà á síta. "Mo rí i pé" ni bàbá mi kọ́ mi láti máa fi bẹ̀rẹ̀ gbogbo gbólóhùn. Ó ti wọ̀ mí lẹ́wù débi pé bí mo bá ń kọ ìtàn àròsọ pàápàá, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń kọ ọ́. Ìwé méjèèjì jọra, èèpo aláwọ̀ ewé kan náà. Èyí tí kò yẹ ni mo gbé sórí pẹpẹ.

Wòlíì Olútìmẹ́hìn – Bàbá Agogo, torí agogo ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi – kà á láti òkè délẹ̀. "Mo rí i pé ẹni tó bá sùn ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méje, àná ni yóò jí sí." Ìjọ ṣe àmín. Ó gbójú sókè wò mí, ó tún ń kà lọ. Mo fẹ́ dìde. Mo di bẹ́ǹṣì mú. Bí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á gba ìwé ìran lọ́wọ́ mi. Ohun kan ṣoṣo tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 3
Kò sẹ́ni tó sùn lọ́sàn-án. Màmá Faith, olórí àwọn obìnrin ìjọ, ń fi omi tútù wọ́n ẹnikẹ́ni tó bá tòògbé.

Ọjọ́rú, 5
Àlejò kan láti Àkúrẹ́, Anthony lorúkọ rẹ̀, gun òkè tí ìlú wa wà lábẹ́ rẹ̀ láàárọ̀. Bàtà rẹ̀ kan já lórí àtẹ̀gùn, ó jù ú nù. Ó sọ̀kalẹ̀ – bàtà ẹsẹ̀ kan. Màmá Faith kúnlẹ̀ ní títì. Wọ́n fún un ní iṣu gbígbóná àti epo, wọ́n mú un lọ síbi aago ilé ìjọ kó wá tún un ṣe. Ó ní ẹyin lòun ń tà. Wọ́n ní àwọn mọ̀, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kì í sọ iṣẹ́ rẹ̀ síta. Ó pààrọ̀ bátìrì. Aago tó ti kú láti ọdún méjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́.

Ta ló máa wá gbà mí gbọ́ báyìí?

Ọjọ́bọ̀, 6
Ìran náà kò ní ìparí. Wọ́n ní ká gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí ìparí lè jáde. Mo bá wọn gbà á. Èmi náà fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Mo bá Bàbá Ọlọ́runṣògo, àgbà kan nínú ìjọ wa, lórí ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó tó sá. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ó ń sùn. Mo jí i, mo bi í pé ṣé kò gbọ́ ìran ni.

"Mo gbọ́. Ìdí tí mo fi ń sùn nìyẹn. Ó pé ọdún mẹ́ta tí ìyàwó mi, ìyá Jemima, ti kú. Bí mo bá ń fi ọjọ́ kọ̀ọ̀kan padà sẹ́yìn, mà á bá a."

Ó ní òun ti sùn lẹ́ẹ̀marùn-ún, òní náà lòun ṣì ń jí sí. Bóyá òun kò sùn lásìkò gan-an. Ó bẹ̀ mí kí n máa bá òun wo aago.

Mo sunkún délé. Ojú ara mi tì mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Mo lọ jẹ́wọ́ fún Bàbá Agogo. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó ṣí Bíbélì ńlá. Ojú ewé mọ́kànlá, ó ká wọn sí méjì, láàárín Aísáyà àti Jeremáyà.

Afàwéya.

Ó ní òun ti yá ìwé náà ṣáájú mi; lọ́jọ́ tí òun kà á dé apá ìparí, ìpàdé àwọn àgbà ti yá, òun kò sì lè gbé ìwé ìtàn wọlé, lòun bá ya ìparí rẹ̀ sínú Bíbélì. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú tì í láti dá a padà. "Láti gbólóhùn kejì ni mo ti mọ̀ ọ́n, Hannah. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé mo mọ̀ ọ́n?"

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń ṣépè fún Wòlíì Ọlọ́run.

Ọjọ́ Ìsinmi, 9
Mo dìde, mo sọ ọ́. Pé ìwé ìtàn ni. Pé èmi ni mo ni "mo rí i pé" yẹn, kì í ṣe Ẹ̀mí. N kò lè wo ibi tí Bàbá Ọlọ́runṣògo jókòó sí. Bàbá Agogo náà dìde, ó ní òun lòun ya ìparí rẹ̀. Mo gbé ìwé ìran sórí pẹpẹ. Màmá Faith rìn wá síwájú mi. Mo rò pé yóò gbá mi létí.

"Ojú ewé mọ́kànlá yẹn dà?"

Ni mo bá ń kà á. Ìsìn ti pẹ́, kò sẹ́ni tó lọ sílé. Nígbà tí mo dé ojú ewé keje, Bàbá Ọlọ́runṣògo ti sùn lórí bẹ́ǹṣì. Mo gbójú sókè wo aago tí ẹlẹ́yin tún ṣe: aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méje. Bóyá oorun ló gbé e, bóyá ó tún ń gbìyànjú ni, n kò mọ̀. Mo rẹ ohùn sílẹ̀. Màmá Faith gbé ife omi rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi wọ́n ọn.

Nígbà tó jí, ó bi mí pé ọjọ́ wo la wà. Mo ní òní náà ni, Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí. Ó wo ẹnu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń retí ènìyàn. Ó wá fọwọ́ lé mi lórúnkún.

"Ó dáa. Tún un kà. N kò gbọ́ bó ṣe parí."