Ọ̀rá Ẹ̀jẹ̀ Kan Ṣoṣo

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà
Òjò dé. Gbogbo àwa nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ọmọdé wojú ara wa. Ìyá Ṣíbí — ọ̀gá wa, tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíì wọn oògùn — ní ká kó bẹ́ẹ̀dì tó kù jáde. Lọ́dọọdún ni. Omi á dúró sí kòtò, ẹ̀fọn á dé, ibà á tẹ̀lé e.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá
Ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ méjì lórí bẹ́ẹ̀dì kan, àwọn ìyá lórí ẹní nílẹ̀. Ọkọ mi bi mí bí iṣẹ́ ṣe lọ. Mo ní dáadáa.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún
Mo sùn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún
Ibà ti fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ méjì gbẹ — ọkùnrin kan, obìnrin kan. Irú ẹ̀jẹ̀ kan náà. Ọ̀rá kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀. Dókítà Kékeré, olójú ọmọ iléèwé, yíjú sí mi: "Àǹtí, ta ni ká fún?"
Mo ní ọkùnrin. Mímí ẹ̀ ló burú jù. Bóyá. Ó lè jẹ́ pé òun ló kàn sún mọ́ mi.
A ránṣẹ́ wá ẹ̀jẹ̀ fún obìnrin. Kó tó dé, ẹ̀pa ò bóró mọ́.
Ìyá ẹ̀ dì mọ́ mi. Ó ní, "Ẹ ṣé, nọ́ọ̀sì. Ẹ gbìyànjú."
Mo délé, mo jẹun, mo jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́
Ọmọkùnrin yẹn jókòó, ó ń bèèrè bisikíìtì. Ó yẹ kínú mi dùn. Mo wá inú ọ̀hún títí, n ò rí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n
Òjò ṣáá. Ìyá Ṣíbí ní ara á tù wá bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn náà kì í pẹ́ lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún oṣù keje
Ìyá ọmọbìnrin yẹn padà wá. Ó pọn àbúrò ọmọbìnrin náà sẹ́yìn, ara ọmọ gbóná janjan. Nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi nawọ́ láti gbà á, ó yẹra.
"Rárá o. Àǹtí yẹn ni mo fẹ́."
Ó tú ọ̀já. Ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́.
"Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀, bí ẹ ṣe tọ́jú ẹ̀gbọ́n ẹ̀."
Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé èmi ni mo ní ká fún ọkùnrin. Mo ní, "Ẹ jókòó, màmá." Mo di apá ọmọ náà mú, mo ń wá iṣan tí màá fi abẹ́rẹ́ sí.