Baba Mi, Ẹ Jẹ́ Kí Ìjà Mígì àti Jágúà Tán

Baba mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjà, ẹ kú òwò aṣọ lásìkò tí nǹkan le yìí. Èmi Sìkírátù ọmọ yín wà lórí ìkúnlẹ̀ níbi tí mo wà ní Mákúdì. Ìyá mi, ẹ kú àbójútó gbogbo wa. Ìyá Kékeré, mo kí yín. Ẹ̀yin àbúrò mi, mo kí yín o. Ara mi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Baba, ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti ń gbọ́ ohùn mi lọ́tẹ̀ yìí. Mo ti kọ lẹ́tà sí yín lórí ọ̀rọ̀ yìí rí. Ẹ dá mi lóhùn: ẹ ní òjò ti ń rọ̀, ẹ ní ewúrẹ́ Ìyá Kékeré ti bímọ. Ẹ kò mẹ́nu kan Bàbá Ràfíù rárá. Mo wá rántí pé bí ẹ bá ti kírun Jímọ̀ tán, ẹ ó ra ìwé ìròyìn yìí, ẹ ó sì kà á sókè fún àwọn tó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù yín ní Ìtòkú. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣàjèjì sí wọn. Ìṣojú wọn ni nǹkan ti bàjẹ́. Ó wù mí kí ó jẹ́ ìṣojú wọn náà ni ẹ ó ti dìde lọ tún un ṣe.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe wà. Iṣẹ́ taipíìsì tí mo ń ṣe ní ọ́fíìsì ń lọ. Owó oṣù máa ń pẹ́, nígbà tó bá sì dé, ọ̀wọ́n ọjà ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí Sàlámótù, àbúrò ìyá mi tí mo ń bá gbé, kì í jẹ́ kí ebi pa mí. Ooru ibí kò láàánú. Bó bá di ọ̀sán, irin fèrèsé kò ṣeé fọwọ́ kàn. Odò ńlá kan ń ṣàn gba inú ìlú kọjá, ṣùgbọ́n atẹ́gùn rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn aládùúgbò ń sọ èdè tiwọn. Wọ́n ń kí mi, mo ń rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀ mí, n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kéèyàn dákẹ́ nílé ara rẹ̀ yàtọ̀ sí kéèyàn má rẹ́ni bá sọ̀rọ̀.

Ojú ọ̀run ló ń dà mí láàmú jù. Àwọn ọkọ̀ òfurufú ológun tí ẹ̀yin àti Bàbá Ràfíù máa ń jiyàn lé lórí, ìlú yìí ni wọ́n wà. Orí òrùlé wa ni wọ́n ń gbà kọjá, Mígì lónìí, Jágúà lọ́la. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kọjá ni mo máa ń padà sí Ìtòkú.

Àwọn ará bẹ́ǹṣì mọ Bàbá Ràfíù, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka ìwé yìí ní ìlú mìíràn kò mọ̀ ọ́n. Òun ni ọ̀rẹ́ yín tó ń ya àwòrán ilẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Ìbarà. Ẹ̀yin méjèèjì jọ máa ń fi igi ṣe ọkọ̀ òfurufú kéékèèké níwájú ṣọ́ọ̀bù. Òun ló kọ́ yín ní ìwọ̀n: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lára ọkọ̀ gidi, íǹṣì kan lára igi. Ẹ̀yin lẹ mọ igi gbẹ́. Igi ahùn tó fúyẹ́ ni ẹ fi ń gbẹ́ ara ọkọ̀. Ike tó mọ́ gaara tí wọ́n máa ń fi sọ́rùn ṣẹ́ẹ̀tì tuntun lẹ fi ń ṣe gíláàsì tí awakọ̀ ń gbà ríran, bọ́tìnnì lẹ fi ń ṣe táyà. Èmi ni mo máa ń fi ewé eépín dán an títí yóò fi jọ̀lọ̀. Ràfíù ọmọ rẹ̀ ló máa ń kun ọ̀dà sí i. Bí mo bá gbé apá ọkọ̀ fún un, yóò gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, yóò ní ó ku díẹ̀ létí, kí n tún fọwọ́ bà á. N kò mọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ mìíràn tó sọ fún mi ju ìyẹn lọ. Ó tó mi.

Nígbà tí ẹ̀yin àgbà méjèèjì rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, inú yín dùn. Wọ́n wá tọrọ mi, ẹ sì fi ìdáná sí ẹ̀yìn ààwẹ̀. Ìyá mi béèrè ta ni alárinà. Ẹ̀yin àti Bàbá Ràfíù bú sẹ́rìn-ín. Ẹ ní ta ló fẹ́ dúró láàárín ẹni méjì tó ń jẹun nínú àwo kan. Bàbá Ràfíù ní alárinà ọ̀hún á kàn wá jẹ ẹran inú ọbẹ̀ náà ni. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Baba, ibẹ̀ ni a ti ṣì í.

Ẹ rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun alásàrí. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí Mígì yín, ara àwòrán kàlẹ́ńdà lẹ ti wò ó gbẹ́. Iyàn ti gbóná. Ẹ ní kí Jágúà tó wọ bàtà, Mígì á ti jẹun ọ̀sán ní Ìbàdàn. Bàbá Ràfíù ní ẹ́ńjìnnì kan péré ni Mígì ní, bí ìyẹn bá kú lókè, ṣé awakọ̀ á sọ̀ kalẹ̀ máa tì í ni. Bùọ̀dá Wàsíù oníbúrẹ́dì ń da epo sí iná, ó ní kí ẹni tó bá borí ra búrẹ́dì, kí ẹni tó bá fìdí rẹmi ra mílíìkì. Ẹ̀rín ń sọ lọ́tùn-ún lósì. Ni Bàbá Ràfíù bá gbé Mígì yín sókè, ó wo apá rẹ̀ tó kúrú, ó yí i sí àwọn èèyàn, ó béèrè bóyá ọkọ̀ òfurufú nìyí àbí adìẹ tí wọ́n tu ìyẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ de ìkómọ.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín débi pé ẹnìkan ṣubú lórí bẹ́ǹṣì. Ọwọ́ yín ni èmi ń wò. Ọ̀bẹ wà níbẹ̀. Ẹ gbé e kalẹ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀, bí ẹni pé ẹ mọ̀ pé ohun tó ń bọ̀ lẹ́nu yín mú jù ú lọ. Ẹ ní ẹni tí bàbá rẹ̀ ń ta epo sí òkúta lára lábúlé Òṣíẹ̀lẹ̀ nígbà tí bàbá tiyín ti dé Mẹ́kà, ta ló ní kó la ẹnu sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú.

Òkú ni bàbá rẹ̀, Baba. Ẹ̀yin nìkan ló máa ń sọ̀rọ̀ bàbá náà fún, bó ṣe ń gbé e sórí èjìká lọ sóko, bó ṣe jẹ́ pé kò bá a jà nígbà tó di mùsùlùmí. Ọ̀rọ̀ tó fi pamọ́ sí yín lọ́wọ́ lẹ mú jáde síta ọjà.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá Ràfíù rọra gbé Mígì kalẹ̀, kò jù ú. Ó wọ bàtà rẹ̀. Ó ní ó dàárọ̀ o. Oòrùn ṣì wà lókè.

Ààwẹ̀ dé, ààwẹ̀ lọ, ìdáná kò wáyé. Ìyá mi bẹ̀ yín pé kí ẹ ránṣẹ́. Ẹ ní a kì í fi ọmọ ẹni lọ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n ní ẹni tí wọ́n bú òkú bàbá rẹ̀ kì í padà wá dọ̀bálẹ̀ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ ẹni tó bú u. Òótọ́ ni ti ibí, òótọ́ ni ti ọ̀hún. Bí alárinà bá wà ni, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: á parọ́ fún yín pé wọ́n ní kí ẹ má bínú, á parọ́ fún wọn pé ojú ti ń tì yín, ilẹ̀ á sì tutù. Ṣùgbọ́n a kò ní alárinà. Ràfíù gba iṣẹ́ lọ sí Papalanto, ó sì fẹ́yàwó níbẹ̀. Mo di ẹrù mi, mo wá sí Mákúdì.

Baba, mo ti rí Mígì gan-an. Aṣọ ni mo ń sá lọ́jọ́ náà. Ó kọjá kí ariwo rẹ̀ tó dé, mo sì rí apá rẹ̀ dáadáa: ó kúrú bí ẹ ṣe gbẹ́ ẹ gẹ́lẹ́. Ẹ jàre. Lọ́jọ́ mìíràn Jágúà kọjá, ihò ẹ́ńjìnnì méjì ló wà nídìí rẹ̀ bí Bàbá Ràfíù ṣe wí. Òun náà jàre. Mo bi sájẹ́ǹtì kan tó ń gbé ládùúgbò wa pé èwo ló ju èwo nínú méjèèjì. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní Mígì ń lé ọkọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀run, Jágúà ń fò lálẹ̀ lọ ju bọ́ǹbù, ó ní ṣé nílé wa, a máa ń jiyàn bóyá ọkọ́ ló ju àdá ni. Ó rò pé mo máa rẹ́rìn-ín. Mo wọlé lọ, mo jókòó sórí ibùsùn. Tiwa ti bàjẹ́ tán kí n tó gbọ́ ìdáhùn.

N kò kọ̀wé yìí nítorí ọkọ. Ràfíù ti ní ilé tirẹ̀, kí Ọlọ́run bá a tọ́ ọ. Nítorí bàbá rẹ̀ ni. Àìsàn rọpárọsẹ̀ ti mú un, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó fi ń ya àwòrán kò gbé mọ́, ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu rẹ̀. Ìyá mi lọ kí i. Ó ní kò tíì jókòó tán tí Bàbá Ràfíù fi tiraka béèrè bóyá ẹ ṣì ń gbẹ́gi. Nígbà tí Ìyá mi jíṣẹ́ fún yín, ó ní ẹ ní kí wọ́n bá yín wá fìlà yín, ẹ dé e, ẹ sì jókòó síbi tí ẹ wà.

Baba, ẹ ti dé fìlà. Ìbarà tí ilé rẹ̀ wà kò jìnnà sí Ìtòkú. Ẹ̀yin ará bẹ́ǹṣì, mo bẹ̀ yín, ẹ sìn wọ́n lọ. Bùọ̀dá Wàsíù, ẹ gbé búrẹ́dì dání, ẹ má dá àpárá kankan. Bí ẹ bá débẹ̀, Baba, ẹ má sọ pé apá Mígì kúrú lóòótọ́. Ẹ sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ní dáadáa lójú àwọn ọmọ rẹ̀, kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ó ṣeé ṣe kí ó má lè dá yín lóhùn. Bí ó bá dákẹ́, ẹ má rò pé ẹ ti borí. Ẹ jókòó tì í.

Kí Ọlọ́run fún un ní àlàáfíà, kí ó sì dá ẹ̀yin náà sí fún wa. Ìyá mi, ẹ óò jèrè wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn aládùúgbò ọjà, ẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá béèrè mi.

Èmi ni, ọmọ yín tí kò gbàgbé ilé,
Sìkírátù