Sàráà Tí Sakeenah Ṣe

Bouaké, ọjọ́ Ajé

Kàmọ́rù, Àkànní ọmọ mi,

Ṣé ara le ní Àbíjàn? Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ. Èmi ń bẹ, ẹsẹ̀ nìkan ní ń yọ mí lẹ́nu. Nafi, aya Roqeeb ará ilé wa, ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mi ò pè ọ́ lórí fóònù, torí o ó já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Ìwé, o ó kà á tán kó o tó bínú.

Ọ̀rọ̀ Sakeenah ọmọ rẹ ni. Ó wà láàyè, fọkàn balẹ̀ ná.

Látìgbà tó ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò báàkì, kì í jẹun, kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Ní Jímọ̀ tó kọjá ló kó aṣọ rẹ̀ síta, ó ń pín in. Gbogbo agboolé ní sàráà ló ń ṣe, kó lè yege lọ́dún tó ń bọ̀. Èmi náà ń ṣe àmín, arúgbó lásánlàsàn! Ó gbé báàgì ìwé rẹ̀ fún Shakirat ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ní, "Hẹ́ẹ̀, o ti rí ọkọ olówó nìyẹn!" Sakeenah ò rẹ́rìn-ín. Mo wá bi í pé kí la ó bá a tọrọ. Ẹni tó bá ṣe sàráà a máa tọrọ ẹ̀mí gígùn, a máa tọrọ ọkọ. Òun ní, "Ẹ ní kí Ọlọ́run foríjì mí."

Kàmọ́rù, àdúrà òkú nìyẹn.

Mo fà á wọ yàrá. Mi ò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: "Sakeenah, ṣé o fẹ́ pa ara rẹ ni?" Àwọn kan ní téèyàn bá bi ọmọ bẹ́ẹ̀, ìgbà náà ni èrò ọ̀hún ń wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Irọ́ ni. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí mo bá a sọ ẹrù kalẹ̀. Ó sunkún títí, ó ní, "Ìyá àgbà, bàbá ní kí n má pe òun ní bàbá mọ́." Mi ò bá a wí. Mi ò dárúkọ iná ọ̀run.

Mo kó gbogbo ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nílé, a wọ takisí wórò-wórò lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Dókítà ní àìsàn ni, ó ṣeé wò, ká má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ó ní kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo ní ń fà á. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ wà níbẹ̀.

Kò tíì tán o. Láàárọ̀ yìí ó ṣì ní òun ò rí ohun tóun ń jí sí. Wá. Má dárúkọ báàkì. Jókòó tì í, jẹ́ kó sọ tiẹ̀, kó o sì tọrọ gáfárà. Mo mọ̀, bàbá kì í bẹ ọmọ nílé wa. Bàbá tìrẹ ò bẹ̀ ọ́ rí. Ìwọ, bẹ̀ ẹ́.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó o fọwọ́ ara rẹ sin ọmọ. Sakeenah ni yóò sin ọ́, lọ́jọ́ alẹ́ rẹ.

Èmi ìyá tó bí ọ,
Àṣíáwù

Mo gbàgbé: Oyèkàn awakọ̀ ni mo fi ìwé yìí rán. Mo ní kó dúró tì ọ́ títí o ó fi kà á tán. Ìjókòó kan ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú, mo ti ní kó má gbé èrò sí i.