Òkúta Onílà Inú Pápá Bàbá Àgbà

Oko Tollefson,
Ọ̀nà Limestone,
Nye, Montana.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1968.

Ardis, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ẹsẹ̀ Lyle ọkọ rẹ? Ṣé ó ti ń dá rìn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tiwa le, àfi pé yìnyín ti bọ́ sórí òkè, koríko tí a kó jọ fún màlúù kò sì tó.

Mo bẹ̀ ọ́ lọ́jọ́sí pé kí o má tíì fọwọ́ sí ìwé tí àwọn awakùsà fẹ́ fi ra pápá àwa méjèèjì, títí Ọ̀gbẹ́ni Vasko, tó ń ya àwòrán òkúta òkè wa, yóò fi parí iṣẹ́. Ó ti parí.

Ó ṣàlàyé fún mi nídìí oúnjẹ pé òkúta wọ̀nyẹn ti yọ́ bí omi rí nísàlẹ̀ ilẹ̀. Bó ṣe ń tutù, èyí tó dúdú tó sì wúwo rì, èyí tó funfun dúró lókè, bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ìkòkò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi nílà. Láti ọjọ́ náà, n kò lè kọjá lára òkúta kí n má yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìlà kan tó ní irin olówó iyebíye ni àwọn awakùsà ń wá. Vasko rí irú òkúta rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsun omi wa, ó sì fa ìlà náà gba inú pápá lórí àwòrán rẹ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́ ibẹ̀, màlúù wa kò ní omi mìíràn.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ó pè wá sínú pápá. Ìlà ara òkúta orí òkè, ibì kan náà ni gbogbo wọn kọjú sí. Ti inú pápá, ọ̀kan kọjú sí ìlà oòrùn, èkejì dorí kodò. Ó ní, "Ìyá, òkúta yìí ò hù níbí o. Ẹnì kan ló gbé e wá." A gbẹ́ abẹ́ rẹ̀, a bá erùpẹ̀ lásán àti agolo tábà.

Ṣé o mọ bí àwọn olùṣọ́ àgùntàn ṣe máa ń to òkúta jọ gogoro, kí wọ́n lè rí ibùdó wọn lókèèrè? Èyí tí bàbá àgbà wa tò nígbà tó ń ṣọ́ àgùntàn ló wó tí koríko bò. Harlan ọkọ mi ní, "Ọ̀gá, ẹ kúkú ya àgùntàn rẹ̀ náà sí i." Vasko rẹ́rìn-ín títí, ó pa ìlà náà rẹ́, ó fà á gba orí òkè, lórí ilẹ̀ ìjọba.

Àwọn awakùsà ti gba ìwé wọn padà. Mo mọ̀ pé o ti mọ ohun tí o fẹ́ fi owó náà ṣe, má bínú. Pápá náà kò wu ẹnikẹ́ni mọ́, àfi àwa.

Agolo tábà bàbá àgbà náà ṣì ṣeé fi ìdérí dé dáadáa, bọ́tìnì ni mo kó sínú rẹ̀. Ọ̀kan lára òkúta náà ló wà nínú páálí yìí. Má jù ú nù, nítorí bó ṣe wúwo tó ni ilé ìfìwéránṣẹ́ ṣe gba owó lọ́wọ́ mi. Gbé e sójú fèrèsé, kí o sì sọ fún mi apá tó wà nísàlẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ omi.

Bá mi kí Lyle àti àwọn ọmọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń retí èsì,
Verna.