Kẹ́hìndé Fẹ́ Lọ Bá Táíwò

Àdùkẹ́ mi,

Mi ò jí ọ, torí oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọ lọ ni. Mo ti mú Glory àti àbúrò rẹ̀ Kẹ́hìndé lọ sí ọgbà ìṣeré ní Àkúrẹ́.

A kì í sọ fún ìbejì pé èkejì rẹ̀ ti kú, ni mo bá sọ fún Kẹ́hìndé pé Táíwò ti ṣíwájú lọ gun ẹṣin onírin tó ń yípo ní ọgbà náà. Lálẹ́ àná Kẹ́hìndé di bàtà Táíwò sínú báàgì, ó ní, "Màmá Àgbà, ẹ jẹ́ ká lọ bá a, ó ti pẹ́ jù níbẹ̀." Glory mọ òótọ́; ó kàn ń wojú mi.

Ẹ̀kọ wà nínú kúlà, jẹ díẹ̀.

Bí a bá débẹ̀ tí kò rí i, kí ni n ó sọ? Mo gbàdúrà títí ilẹ̀ fi mọ́, Ọlọ́run ò fi ọ̀rọ̀ kankan sí mi lẹ́nu.

Màmá rẹ